Òkúta Tí Ọ̀gá Mi Jù Sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó sọ tèmi. Onígbàjámọ̀ ni mí. Mi ò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, àfi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ru búlọ́ọ̀kù ní Òkè-Afá nígbà tí inú ń bí mi, ẹ ó sì gbọ́ nípa ìyẹn. Orí ni mo fi jẹun. Mo fá orí àgbà, mo fá orí ọmọdé, mo fá orí tó gùn gbọọrọ, mo fá èyí tó ní kókó lẹ́yìn tí ó dà bíi pé Ọlọ́run ń kánjú lọ́jọ́ tó dá a. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Bí ọwọ́ onígbàjámọ̀ bá ti ń gbọ̀n, kí ó yáa máa fi mú àkàrà.

Àwọn ènìyàn rò pé abẹ ló ń ṣe iṣẹ́ wa. Irọ́ ni. Òkúta ló ń ṣe é. Abẹ tí ẹ rà láti ìlú òyìnbó, tí ó ń ká wọ inú èèkù rẹ̀, tí ó ń kọ mànà, bí òkúta tí ẹ fi pọ́n ọn kò bá dára, irin lásán lẹ gbé dání. Ìtàn òkúta kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ju ẹnu ọ̀gá mi lọ. Ẹni tó bá sì mọ ọ̀gá mi yóò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi mú mi wá láti Ìsẹ́yìn, ó fi mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà, ó sì bá ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ọdún mẹ́fà ni àdéhùn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọ̀gá náà, Bàbá Rámọ́tù ni gbogbo àdúgbò Bọ́ládé ní Èkó ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ló ní nítòsí ojú irin, pẹ̀lú àga kan, bẹ́ǹṣì kan àti dígí tó ti là láàrin, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá wojú nínú rẹ̀ ló ní imú méjì. Ìsọlọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rámọ́tù, ń ta ọṣẹ àti kànrìnkàn níwájú ilé, èmi sì ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Ọ̀gá mi le. Odindi ọdún kan ni mo fi ń gbálẹ̀, tí mò ń se omi gbígbóná, tí mò ń fọ aṣọ tí a máa ń so mọ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ. Nígbà tí ó sì gbé e fún mi, ẹsẹ̀ ara mi ni ó ní kí n kọ́kọ́ fá. Mo fá ojúgun mi títí, irun kò hù níbẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi dà bí ẹsẹ̀ ìyàwó ojú ọ̀nà. Bí mo bá gé ara mi, ọ̀gá yóò kàn gbé òwú fún mi, yóò ní, “Ó dùn ẹ́, àbí? Bó ṣe máa ń dun kọ́sítọ́mà nìyẹn.”

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi kì í ṣe: kì í ra òkúta fún ọmọ iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tirẹ̀ kí ó tó gbòmìnira. “Òkúta dà bí ìyàwó,” ló máa ń wí. “Ẹni tó máa bá a gbé ló ń wá a.” Mo wá a títí. Mo ṣa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo ṣa lẹ́bàá omi ní Òkè-Afá, mo ṣa níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí mo bá ti gbé ọ̀kan dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi mí.

“Làmídì, kí lo rí lára ẹ̀?”

Èmi á ní ó ń dán. Tàbí kí n ní ó wúwo. Tàbí kí n ní ẹnì kan ló sọ fún mi pé ó dára. Kò sí èyí tí ọ̀gá mi gbà nínú gbogbo rẹ̀. Yóò ju òkúta náà sẹ́yìnkùlé láti ojú fèrèsé láìwo ibi tó bọ́ sí, yóò sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ìyá Rámọ́tù ló ń ṣa wọ́n. Ó fi ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ó fi méjì gbé ìkòkò omi, ó to àwọn yòókù sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kẹta, òkúta tí mo ti gbé wálé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́ yàrá kan, ọ̀gá sì máa ń fi han àwọn àlejò pé, “Ẹ wo ilé tí ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ́.”

Ní Iléyá ọdún kẹta yẹn, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Ìsẹ́yìn. Létí odò kan tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ, mo rí òkúta kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tó ń gbẹ. Mi ò lè sọ ohun tó wù mí lára rẹ̀. Mo kàn gbé e, kò sì wù mí láti gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo fi aṣọ wé e dé Èkó.

“Kí lo rí lára ẹ̀?” ni ọ̀gá bi mí.

“Ó tutù lọ́wọ́, ọ̀gá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Omi náà tutù. Ṣé kí n máa fi omi pọ́n abẹ?” Ó yí òkúta náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jù ú síta bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ iṣẹ́ fẹ́ sọ?

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, Ìyá Rámọ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta yẹn fọ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ní àràárọ̀, bí mo bá ń pọn omi lọ́wọ́, òun á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á na ẹsẹ̀ síwájú, á máa fi òkúta náà fá gìgísẹ̀, á sì máa ráhùn. “Irú òkúta wo rèé? Kò ha nǹkan kan. Ó kàn ń dán ẹsẹ̀ mi lásán ni.” Lójoojúmọ́ ni. Mo máa ń rò nínú mi pé kí ló dé tí obìnrin yìí kò mú òkúta mìíràn nínú ọ̀pọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọ̀gá ẹni ni, mo ń pọn omi mi lọ.

Ní ọdún kẹrin ni ọ̀gá wá kọ́ mi bí a ti ń yan òkúta. Òun ní méjì. Ọ̀kan pupa, ó nípọn bíi búrẹ́dì. Ìyẹn ló ń jẹ irin, òun la sì fi ń jí abẹ tó bá ti kú pátápátá. Ṣùgbọ́n abẹ tó bá kúrò lórí òkúta pupa máa ń ní eyín wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Èkejì ni òkúta dúdú, kékeré, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ irin rárá. Òun ló ń yọ eyín wọ̀nyẹn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu abẹ á fi rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá fi awọ màlúù nù ún lọ, nù ún bọ̀. Òkúta tó ń jẹ irin kò ṣòro láti rí, ó kún ilẹ̀. Èyí tó ń rọ abẹ lẹ́nu ni ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá.

Ó ní kí n fi èékánná àtàǹpàkò fá ojú òkúta. Bí ó bá jẹ èékánná náà lójú ẹsẹ̀, òkúta ìpọ́n àdá ni, kí n gbé e fún àgbẹ̀. Bí èékánná bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, tó wá jẹ́ pé kàkà kí ó ha, ńṣe ló ń dán sí i, kí n fara balẹ̀ wò ó. Ó ní kí n da omi sí i: èyí tó bá mu omi kíákíá, ihò wà nínú rẹ̀; èyí tí omi bá dúró lé lórí bí omi orí ewé kókò, inú rẹ̀ dì. Ó ní kí n dẹtí sí i nígbà tí abẹ bá ń lọ lórí rẹ̀. Bí ó bá ń dún háráhárá, iyanrìn wà níbẹ̀, iyanrìn ẹyọ kan ṣoṣo sì tó láti ba ẹnu abẹ jẹ́. Kí n tẹ́ abẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má ṣe kúrò lára òkúta, kí n má sì kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èmi, mò ń kánjú. Ó ku ọdún méjì péré kí n gbòmìnira, mi ò tíì ní òkúta. Àwọn tí a jọ wá láti Ìsẹ́yìn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ti fẹ́ parí. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọjá lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, mo rí ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, mo sì rí àfọ́kù òkúta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin. Ó tẹ́, kò ní àbàwọ́n, òyìnbó ló ṣe é. Mo gbé e sínú àpò. Nígbà tí mo dán an wò ní kọ̀rọ̀, kò pẹ́ rárá tí abẹ fi ń fá irun apá mi sílẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi odindi ọ̀sán ṣe, òkúta tèmi fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe é. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa orí ọmọ tuntun. Bí àwa Mùsùlùmí bá sọ ọmọ lórúkọ, a máa ń fá irun tó bá a wáyé. Kì í ṣe gbogbo onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, awọ orí rẹ̀ tinrin bí awọ inú ẹyin, àwùjẹ rẹ̀ ṣì ń mí lókè orí. Ọ̀gá mi ni wọ́n máa ń pè láti Òṣòdì títí dé Òkè-Afá, ọlá ńlá sì ni fún un. Bí ó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, á máa rìn bí ọba.

Ní ọdún karùn-ún, wọ́n pè é sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsọlọ̀, ó sì sọ fún mi pé èmi ni n ó fá ọmọ náà. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n pọ́n abẹ sílẹ̀ lórí òkúta dúdú ti òun. Mo ní mo ti gbọ́. Òkúta ẹ̀rọ mi ni mo fi pọ́n ọn. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí, kí gbogbo ènìyàn yìn mí, kí n wá yọ òkúta náà láti inú àpò kí n ní, “Ọ̀gá, èyí ni mo fi ṣe é.”

Ìyá bàbá ọmọ náà ló gbé e lẹ́sẹ̀. Àlùfáà ti ṣàdúrà tán. Mo fi omi rin irun náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, mo gba ẹ̀gbẹ́ àwùjẹ lọ, ó ń lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé òkè etí òsì, abẹ náà há díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ há mọ́ ìṣó. Eyín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn sórí aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ọmọ. Ọmọ náà figbe ta, ìyá bàbá rẹ̀ figbe ta, èmi dúró bí igi.

Ọ̀gá gba abẹ lọ́wọ́ mi. Ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó wá gbé abẹ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó sì wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó yíjú sí àwọn onílé, ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ló wí. “Ẹ má bá ọmọ yìí wí. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyá bàbá ọmọ wò ó láti òkè délẹ̀. “Bàbá Rámọ́tù, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà níbí, ẹ̀ ń wòran.”

A kọrí sílé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló ní, “O ò gbọdọ̀ fá orí ọmọ tuntun mọ́, títí n ó fi sọ fún ẹ.” Òun náà kò sì fá a mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Ojú rẹ̀ tó lè rí kòkòrò iná tó ń rìn lórí aṣọ ọmọ iṣẹ́.

Kò nà mí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Bó bá nà mí, à bá ti parí ẹ̀. Ara mi kò gbà á mọ́, mo sá lọ sí Òkè-Afá, mo lọ ń ru búlọ́ọ̀kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìyá Rámọ́tù ló wá mi kàn. Ó gba ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo bí ó ti le tó tí ó sì là.

“Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú abẹ nìyí?” ló wí. “Ó yá, jẹ́ ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń bá mi pọn omi.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́bàá kànga, ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀: “Òkúta yìí mà ti sú mi o. Kò ha nǹkan kan. Ó kàn ń dán ẹsẹ̀ mi ni.” Bóyá nítorí pé ọwọ́ mi ń ta mí ni, bóyá nítorí pé mi ò ní ohun tí mò ń kánjú lé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mí létí. Mo gbé korobá sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi wò.” Mo fi òkúta náà fá àtẹ́lẹwọ́ mi tó le. Kò ha á. Mo fi èékánná fá a, èékánná ń yọ̀. Mo da omi sí i, omi dúró.

Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ. Kò gbójú sókè. “Kí lo rí lára ẹ̀?”

“Ọ̀gá, Ìyá ní kì í ha ẹsẹ̀ àwọn, pé ńṣe ló ń dán an. Òkúta tí kò lè ha gìgísẹ̀, kò lè fi eyín sílẹ̀ lẹ́nu abẹ.”

Ó gba òkúta náà, ó gbé abẹ jáde, ó sì fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n pọ́n ọn. Láti ìgbà tí a kírun Àìlà títí Àlàásàrí fi kù díẹ̀ ni mo fi wà lórí rẹ̀. Kò dún háráhárá. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó so aṣọ mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó ní, “Fá orí mi.” Mo fá a. Kí n tó dé ìpàkọ́, mo gbọ́ pé ó ń hanrun. Ọ̀gá mi ti sùn lọ lábẹ́ abẹ mi. Kò yìn mí nígbà tó jí. Ó kàn fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, ó sì ní kí n lọ gbálẹ̀.

Mo gbòmìnira lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì ń bá a ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ orí ọmọ tuntun. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọjọ́ tí Rámọ́tù, àkọ́bí rẹ̀, bímọ, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀gá pè mí. Ó ní, “Pọ́n abẹ.” Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Mo fá orí ọmọ ọmọ ọ̀gá mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo kọjá lókè etí òsì, ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Kílípà, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gé irun, dé, ó ń ké bí eṣinṣin ńlá, gbogbo ọ̀dọ́ Bọ́ládé sì sáré lọ bá a. Mo ra tèmi náà, mo ra jẹnẹrétọ̀, mo kọ́ bí wọ́n ti ń gé oríṣiríṣi àrà tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àìsàn tí kò gbóògùn tún dé, wọ́n ń kéde lórí rédíò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi abẹ ẹlòmíràn fá òun, òótọ́ sì ni. Oníkálukú ń mú bíléèdì tirẹ̀ wá, tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á jù ú nù. Àwọn àgbààgbà díẹ̀ ló ku sọ́wọ́ mi tí wọ́n ní abẹ tiwọn, tí wọ́n ń gbé e wá kí n pọ́n ọn fún wọn. Àwọn télọ̀ náà ń gbé sísọ́ọ̀sì wá. Sísọ́ọ̀sì, òkúta pupa ni mò ń fi pọ́n ọn. Mi ò jẹ́ kí ó fojú kan òkúta Ìsẹ́yìn mi.

Ọmọ tí mo gé lórí dàgbà, Múrì ni orúkọ rẹ̀, ó sì di oníbàárà mi. Irun kò hù ní òkè etí òsì rẹ̀, ibẹ̀ tó ìka ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gẹrun fún un tí mò ń yí ibẹ̀ ká. Lẹ́yìn tí ọ̀gá mi kú, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ni, ó yẹ kó gbọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀gá, èmi ni mo fi òkúta burúkú pọ́n abẹ. Múrì wò mí nínú dígí. “Bàbá, ibẹ̀ ò dùn mí rí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi kú láìkí Bàbá Rámọ́tù mọ́.” Mo gẹ irun náà parí.

Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọdún tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo pín àga, mo pín dígí. Ó wá ku òkúta. Àwọn ọmọ mi kò ṣe iṣẹ́ yìí, bíléèdì kò sì nílò òkúta. Mo rò ó títí, mo wá gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìsọlọ̀, lọ́dọ̀ Ìyá Rámọ́tù. Wọ́n ti darúgbó púpọ̀, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú ju abẹ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìyá, mo dá òkúta ẹsẹ̀ yín padà.”

Wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ pa á. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọlé bí àwo kékeré nítorí iye abẹ tó ti gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Làmídì, ṣé o rò pé mi ò lórí ni? Ẹni tó mọ̀ pé òkúta ò ha ẹsẹ̀, ṣé á máa fi fọ ẹsẹ̀ láràárọ̀? Mo ní èyí tó dáa lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Kí ló wá dé, Ìyá?”

“Ọ̀gá ẹ ni. Lọ́jọ́ tó jù ú síta, òun fúnra ẹ̀ ló jáde lọ ṣà á. Ó ní, ‘Làmídì ti rí òkúta, àmọ́ kò mọ ohun tó rí. Máa fi fọ ẹsẹ̀ nígbà tó bá wà nítòsí, kó o sì máa ráhùn.’ Mo ní títí dìgbà wo? Ó ní títí á fi gbọ́.” Wọ́n mi orí. “Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúwàbí. Odindi ni mò ń sọ fún ìwọ, fún ọdún méjì. Gìgísẹ̀ mi là yánnayànna.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Láti Iléyá ọdún kẹta. Òkúta náà ti wà lẹ́bàá kànga, wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ sí mi létí, nígbà tí mo lọ ń ṣa àfọ́kù ẹ̀rọ lórí ààtàn. Ìyá rí ojú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ríran tó.

“Ó dùn ún,” wọ́n wí, ohùn wọn ti rẹlẹ̀. “Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, ó jókòó síbi tó o wà yìí. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé òun ìbá ti gbé òkúta yẹn lé ẹ lọ́wọ́ kí òun má fi ṣeré. Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní rárá, bí òun bá sọ ọ́, o ò ní mọ òkúta mọ́ láéláé.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo rò pé ọ̀gá mi kàn bò mí láṣìírí ni nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn onílé yẹn. Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló ń sọ. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà nígbà tó wà láyé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe ń ro tèmi tó.

Ìyá fẹ́ dá òkúta náà padà fún mi, mo kọ̀. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fi kan ẹsẹ̀ wọn, ìbàdí wọn kò jẹ́. Mo bá bu omi sínú abọ́, mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé orúnkún mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta náà fá gìgísẹ̀ wọn, jẹ́jẹ́, pẹrẹsẹ, bí a ti ń pọ́n abẹ. Lórí ìyẹn, ọwọ́ mi kò gbọ̀n púpọ̀.

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n pòṣé. “Irú òkúta wo rèé? Kò ha nǹkan kan.”

“Mo ti gbọ́, Ìyá,” ni mo wí.